Ọ̀já Inú Àpótí Màmá

Òórùn káńfọ̀ ni kò jẹ́ kí n gbàgbé. Bí mo bá wọ ilé àgbàlagbà kan báyìí tí wọ́n ṣí àpótí aṣọ, tí òórùn tútù yẹn bá ti gún mi nímú, àyà mi á kọ́kọ́ já ná kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá. Ìwọ náà bi mí lọ́jọ́sí, nígbà tí o wá gba aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi, pé kí ló dé tí télọ̀ bíi tèmi, tí aṣọ kún ilé rẹ̀ fọ́fọ́, kò ní káńfọ̀ kan ṣoṣo nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí mo wá ń jẹ́ kí kòkòrò máa fi aṣọ mi ṣe oúnjẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní káńfọ̀ ti wọ́n lọ́jà. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an.

Ọdún kẹrin tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ra ni. Yàrá méjì la gbà ní Òkè-Àró, l'Ákùrẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà níwájú ilé náà. Aṣọ ilé-ìwé ni mo máa ń rán jù. O mọ̀ bó ṣe máa ń rí bí sáà tuntun bá fẹ́ wọlé: àwọn ìyá á fa ọmọ wọn lọ́wọ́ wá, èmi á kúnlẹ̀ síwájú ọmọ, màá na téèpù sí èjìká rẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀, màá sì fi díẹ̀ kún un torí pé ọmọ ń dàgbà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn ni, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn ó di iṣẹ́ tó ń bà mí lẹ́rù, torí gbogbo ọmọ tí mo bá wọ̀n ló ń bi mí pé tìrẹ dà. Onílé wa, màmá ọmọ Àkúrẹ́ kan tí kò ní èrò ibi sẹ́nikẹ́ni, á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láàárọ̀, á wo ikùn mi, á ní, "Ulé yìí dákẹ́ jù, ìyàwó. Ọlọ́run á fi ẹkún ọmọ kún un." Èmi á ní àmín. Bó bá ti kọjá tán, màá tẹ máṣíìnì kíkankíkan kí n má baà gbọ́ ohun tí ọkàn mi ń sọ.

Kì í ṣe ẹnu ayé nìkan ló ń dẹ́rù bà mí. Ara mi gan-an ń dẹ́rù bà mí. Bí nǹkan oṣù mi bá pẹ́ díẹ̀, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò ní gbé garawa tó kún, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, mi ò tiẹ̀ ní rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ mi á mọ̀, torí òun náà ń ṣọ́ oṣù nínú ara tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ nǹkan kan. Bí nǹkan oṣù náà bá wá dé, màá wọ balùwẹ̀, màá pẹ́ níbẹ̀, nígbà tí mo bá sì jáde, màá bá a tó ti mú ọwọ̀, tó ń gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí. Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ara wa nìyẹn.

Dókítà tí a ń rí l'Ákùrẹ́ ti yẹ̀ mí wò títí. Ó ní òun ò rí ohun tó ṣe mí, ó wá ku kí ọkọ mi náà wá ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀. Ọkọ mi ní òun á lọ. Tíṣà ni, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ṣe ìdánwò tán ná. Wọ́n ṣe é tán, ó ní ó di lẹ́yìn Àjíǹde. Àjíǹde náà kọjá. Mi ò fúngun mọ́ ọn, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ń pè mí ní sùúrù-lèrè, wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe sùúrù. Ẹ̀rù èsì náà ń bà mí ju bó ṣe ń bà á lọ. Bí ara tirẹ̀ bá dá, ó di pé èmi ni, dókítà ni kò tíì rí i. Bí kò bá sì dá, báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú ọkùnrin náà kí n má ṣàánú rẹ̀ lọ́nà tí á fi mọ̀? A gbé ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ẹní, a ń sùn lé e lórí.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi pè wá láti Oǹdó pé àbúrò ọkọ mi obìnrin ti bí ọmọkùnrin. Ẹ̀yìn tiwa ló ṣègbéyàwó. Ìwọ mọ̀ pé a kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ bó ti wù kó kéré tó, Eyínfúnjowó ni èmi sọ ọ́, nítorí eyín rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ilé ìyá rẹ̀ ló wá bímọ sí, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sì ti sọ ọmọ lórúkọ. Mo dunnú fún un, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, a wọ mọ́tò Oǹdó. Nígbà tí mọ́tò dúró ní Ọ̀wẹnà, tí àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń na tiwọn wọlé láti ojú fèrèsé, ọkọ mi ra ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún ìyá rẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀ wa méjèèjì, ó sì di ọwọ́ mi mú lábẹ́ rẹ̀ títí a fi dé ìlú.

Ìkómọ náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Pásítọ̀ gbàdúrà, a fi ẹnu kan oyin àti iyọ̀, àlejò jẹun, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi ní kí n tẹ̀lé òun wọ yàrá. Ó kúnlẹ̀, ó fa àpótí páànù kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe ṣí i, òórùn káńfọ̀ lù mí lójú, omi sì lé róróró sí ẹyinjú mi. Àwọn horo funfun ń yí kiri láàárín aṣọ, èyí tó ti jó tínrín àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sí i. Ó kó fìlà òwú àti súwẹ́tà kéékèèké jáde, èyí tó ti ń tọ́jú láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti lóyún, ó kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọmọ tuntun. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti fa ọ̀já náà yọ: òfì aláró, gígùn, etí rẹ̀ ti ń tú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì nípọn dáadáa.

"Èyí ni ìyá mi fi pọ̀n mí," ó ní. "Òun ni mo fi pọ̀n ọkọ rẹ. Kòkòrò kò fẹnu kàn án rí."

Ó ké sí Eyínfúnjowó pé kó gbé ọmọ wá, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀. O mọ àṣà yẹn: ẹni tó ń wá ọmọ, wọ́n á gbé ọmọ tuntun pọ̀n ọ́n, kí ọmọ náà lè lọ pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n ti ṣe é fún mi níbi mélòó kan, mo sì máa ń fi ẹ̀rín gbé e. Lọ́jọ́ yẹn mi ò rí ẹ̀rín fi gbé e. Ọmọ náà fúyẹ́, ó gbóná, ó ń mí lemọ́lemọ́ sí mi lára. Màmá fi ọ̀já gbá wa pọ̀, ó so ó níwájú mi, ó ní bí mo ṣe pọ̀n ọ́n yìí, tèmi ni màá pọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wá, ó sì yíjú sí òde. Ní àkókò yẹn ni nǹkan kan jáde nínú ọkàn mi tí mi ò pè: Ọlọ́run, ká ní tèmi ni. Kì í ṣe àdúrà, mi ò sì fi ṣe èpè, ó kàn kọjá ni. Mo sọ ọmọ kalẹ̀, Màmá fi ọ̀já náà wé e, ó ní kó máa fi sùn, ogún ìdílé rẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ mi dé láti ilé-ìwé láìtákòókò. Ó ní ọmọ náà kò mu ọyàn mọ́. Funfun ojú rẹ̀ ti di yẹ́lò bí omi ọsàn, ara rẹ̀ náà ti di bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbé e sáàárín oòrùn òwúrọ̀ bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ, kàkà kó dín, ńṣe ló ń pọ̀ sí i, wọ́n ti wá dá a dúró sí ilé ìwòsàn kan l'Óǹdó. Bàbá ọmọ ti padà síbi iṣẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè é ni. Sísọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi, kí n tó ronú kan ọmọ náà, ara mi ni mo kọ́kọ́ rò. Mo ronú kan ẹ̀yìn mi.

Ọkọ mi ní kí n dúró sílé. Ojú rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n ti sọ nǹkan lórí fóònù tí kò fẹ́ kí n gbọ́. Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á ní ọkàn mi ló ń dá mi lẹ́bi. Bí mo bá lọ, wọ́n á ní mo wá parí iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kò sí lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ tó kọjá nínú ọkàn mi lọ́jọ́ ìkómọ ni. Mo wá ń bi ara mi bóyá ìlara ni, bóyá ó gba ẹ̀yìn mi wọ inú ọmọ ọlọ́mọ. Mo wo ẹ̀yìn mi nínú dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ, bí ẹni tó ń wá ojú egbò. Lẹ́yìn náà mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo ní mò ń lọ.

A bá wọn lójú ọ̀nà kóńkéré gígùn kan nínú ilé ìwòsàn náà. Láti ojú fèrèsé mo rí ọmọ náà lábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú, ìhòòhò ló wà, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Eyínfúnjowó jókòó tì í, kò mọ̀ pé a dé. Mo kúnlẹ̀ kí Màmá. Ó di àpò aṣọ ọmọ mọ́ àyà, ó ń wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ìyá àgbà tí gbogbo ẹbí ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, ló na ọwọ́ sí mi bí mo ṣe fẹ́ sún mọ́ fèrèsé.

"Dúró síbẹ̀ yẹn, ìyàwó," ó ní. Kò pariwo rárá. Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Ọmọ kò tíì kú, ó ti ń pa òwe òkú. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mo sì ń rò ó pé bí ọmọ yìí bá kú, ilé mi parí, ìgbéyàwó mi parí, kò sí ibi tí màá gbà l'Óǹdó tí wọn kò ní fi ọmọ wọn pamọ́. Èyí tó burú jù ni pé èmi náà kò ní lè bura pé kì í ṣe èmi.

Ọkọ mi ló sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí kì í gbó àgbà lẹ́nu ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá àgbà. Dókítà ti yẹ ìyàwó mi wò, kò sí ohun tó ṣe é. Èmi ni wọ́n ń retí, èmi ni mi ò lọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bó bá jẹ́ pé ara ẹni tí kò bímọ ló ń kó àìsàn ran ọmọ, èmi náà gbé e lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kúkú pè mí mọ́ ọn."

Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ná an, kó sọ ọ́ níwájú ìyá rẹ̀ tó bí i lọ́kùnrin. Ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí kóńkéré, tòun ti ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù mi kò lọ, àmọ́ mi ò nìkan wà nínú rẹ̀ mọ́.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí nọ́ọ̀sì kan fi jáde wá béèrè aṣọ tí wọn yóò fi wé ọmọ. Màmá ṣí àpò, ó fa ọ̀já aláró náà jáde. Nọ́ọ̀sì náà gbà á, ó dúró, ó gbé e sún mọ́ imú. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ó fimú wo inú àpò náà.

"Màmá, ta ló fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ?"

"Èmi ni," Màmá ní. "Mo tọ́jú wọn kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n."

Nọ́ọ̀sì náà mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gbé káńfọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá wọn. Bí òórùn rẹ̀ bá ti ń wọ̀ wọ́n lára láti inú aṣọ, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa fọ́, ojú àti ara wọn á wá di yẹ́lò. Ó ní àwọn máa ń rí i lemọ́lemọ́, àwọn sì ti gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì jọ pé irú rẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo aṣọ náà kúrò nítòsí rẹ̀ kíákíá, bí iná yìí kò bá sì ràn án lọ́wọ́, àwọn á ní láti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó gba ìborùn ọrùn mi, èyí tí mo fi ọṣẹ fọ̀ lọ́jọ́ méjì ṣáájú, ó gbé e wọlé fún ọmọ náà.

O lè rò pé inú mi dùn. Èmi náà ti rò pé á dùn. Ìyá àgbà ń tún gèlè rẹ̀ ṣe, gèlè tí kò tú. Ṣùgbọ́n Màmá fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí ẹsẹ̀, ó ń wò wọ́n. Mo mọ ìwò yẹn. Òun ni mo fi wo ẹ̀yìn ara mi nínú dígí láàárọ̀. Inú tí mo fẹ́ dùn kò wá mọ́. Mo dìde, mo lọ jókòó tì í.

"Ìwọ ni mo ń bẹ̀rù látàárọ̀," ó ní. "Ara mi ló yẹ kí n bẹ̀rù."

"Ara tèmi náà ni mò ń bẹ̀rù, Màmá," mo ní. "Ẹ̀yin fi ìfẹ́ tọ́jú rẹ̀ ni."

Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi sílẹ̀ títí tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, èékánná rẹ̀ á wọ̀ mí lára. Wọn kò pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Iná náà ràn án lọ́wọ́, yẹ́lò náà ń fi í sílẹ̀ láti ẹsẹ̀ lọ sókè, ojú ló sì kúrò kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó fi kúrò níbẹ̀ pọ̀ fún gbogbo wa.

Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, gbogbo wa tún wà níbẹ̀. Ara Eyínfúnjowó kò tíì le, ó ní kí ẹnì kan bá òun pọ̀n ọmọ dé ìdí mọ́tò. Màmá sún sẹ́yìn, ó kó ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìró bí ẹni tó jí nǹkan. Èmi náà sún sẹ́yìn. Eyínfúnjowó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyàwó wa," ó sọ fún mi, "ẹ bẹ̀rẹ̀."

Mo ní kó dákun. Mo ní jẹ́ kí ìyá àgbà pọ̀n ọ́n. Ó ní òun kò pe ìyá àgbà. Mo bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ náà lé mi lẹ́yìn. Ó ti fúyẹ́ ju ti ọjọ́ ìkómọ lọ. Ó wá ku ẹni tí yóò so ó. Ó pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà mo rí ọwọ́ Màmá tó yí wá síwájú mi pẹ̀lú ìborùn mi. Ó so ó, ó tú u, ó tún un so, ó fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó fún ọmọ jù. "Máa lọ, ọma mi," ó sọ sí mi létí, ní Oǹdó, bó ṣe máa ń bá àwọn tó bí nínú ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà ló di ilẹ̀kùn mú fún wa. Láti ibẹ̀ dé ìdí mọ́tò kò jìnnà, síbẹ̀ mi ò tíì rin ọ̀nà tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkọ mi ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ tí a padà sí Àkúrẹ́. A jọ lọ, a jọ gbọ́ èsì. Ohun tó ń bẹ̀rù náà wà níbẹ̀ díẹ̀: àtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó. A wà lẹ́nu ìtọ́jú títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé o ti ń retí kí n ní a ti bímọ, gbogbo ẹni tó bá ń gbọ́ irú ìtàn yìí ló máa ń retí ẹ̀. A ò tíì bí. Bí oṣù mi bá pẹ́, àyà mi ṣì ń já, àmọ́ mo máa ń sọ fún un, òun náà á sì sọ fún mi pé àyà òun ń já. Bí nǹkan oṣù náà bá dé, kì í gbálẹ̀ mọ́. Ó máa ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, á dúró dè mí níbẹ̀. Ọmọ Eyínfúnjowó ti tó ilé-ìwé lọ, èmi ni mo ń rán aṣọ rẹ̀, kì í dúró jẹ́ẹ́ bí mo bá ń wọ̀n ọ́n.

Ní ti ọ̀já náà, Màmá fọ̀ ọ́ léraléra, ó sá a sóòrùn jálẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà, ó sì gbé e wá fún wa l'Ákùrẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní kí n fimú wò ó. Òórùn oòrùn nìkan ló kù lára rẹ̀. Mo ká a sínú dúrọ́ọ̀, kò sí nǹkan kan tó bá a gbé. Lóṣù tó kọjá ọkọ mi fà á yọ, ó rí i pé kòkòrò ti lu ihò sí i létí, aṣọ tí kòkòrò kò fẹnu kàn rí láyé ìyá àti ìyá-ìyá rẹ̀. Ó gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ fà ro, ó ní kí la máa wá fi sí i báyìí. Mo ní kó jẹ́ kí kòkòrò jẹ ìwọ̀n tó bá lè jẹ. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi òwú aláró sójú abẹ́rẹ́, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ojú mi ti ríran dáadáa, mo dí ihò náà, kí òtútù má baà gba ibẹ̀ wọ ọmọ lára.